Bí Wọ́n Ṣe Ń Pa Máṣíìnì Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Etí mi ṣì ń gbọ́ràn, ohùn ló ti rẹ̀. Kẹ́hìndé, bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Èmi kò kàwé, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ bí wọ́n bá ti ọ̀rọ̀ bọ̀ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ Kẹ́hìndé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá yín gbọ́ ohun tí mò ń wí.

Ẹ bi mí ìdí tí mo fi pòṣé sí ọmọ ọlọ́kadà tó gbé iṣu wá láti Alájùe láàárọ̀ yìí. Ọmọ náà kí mi, kò ṣe àfojúdi. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú àárọ̀ o! Iṣu yín rèé o!" Ṣùgbọ́n orí máṣíìnì ló ti kí mi, máṣíìnì náà sì ń bú ramúramù lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ta ló ní kí o gbé e wá?" Ó dáhùn, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Pa á, kí n gbọ́ ọ." Ó ní, "Mò ń kánjú ni, Ìyá!" Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́. Ó ti lọ. Èéfín rẹ̀ ló dúró bá mi ṣeré.

N ò bínú sí i. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Nígbà tiwa, ẹni tí kò bá tíì pa máṣíìnì kò tíì dé. O lè máa wò ó lójú kòròkòrò, kò tíì dé. Kí máṣíìnì tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ni a mọ̀. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó rí àgbà lọ́nà, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á kí àgbà tán kí ó tó tún gùn ún. Nígbà tí máṣíìnì wá dé, a gbé ìwà kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. O óò pa á, o óò sọ̀ kalẹ̀, o óò dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ayé tí a ń tọ̀ yìí ti ń sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Ẹ mọ ọ̀nà tó wọ agbolé wa. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ti yà, ó wá dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ títí dé iwájú ilé. Ìdagẹ̀rẹ́ yẹn ni gbogbo wọn ti ń fi ìwà wọn hàn. Mo máa ń wà lẹ́yìnkùlé nídìí epo pupa tí mò ń ṣe, n ò ní gbé ojú sókè, n ó sì mọ ẹni tó dé. Kì í ṣe bí máṣíìnì ṣe ń ké ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo wọn ló ń ké bákan náà. Bí ó ṣe ń kú ni.

Bàbá Mùsílì, ọkọ mi, bàbá ìyá rẹ, Kẹ́hìndé, ẹ̀kùrọ́ àti kòkó ni wọ́n ń rà kiri ìlú Ara àti ìlú Awo. Tiwọn yàtọ̀. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n á ti na ọwọ́ sí abẹ́ táńkì, wọ́n á ti ibi tí epo ń gbà sọ̀kalẹ̀ pa. Máṣíìnì ò ní mọ̀. Á máa bọ̀, á máa mu èyí tó kù lọ́nà ọ̀fun, títí ọ̀fun á fi gbẹ. Á wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá dákẹ́ níwájú ilé gan-an, bí ẹni tó rìn dé orí ẹní kí oorun tó gbé e. Bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ àkọ́kọ́, èmi a da omi gbígbóná sí gààrí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bọ́ bàtà, ẹ̀bà ti délẹ̀.

Mo máa ń ní, "Bàbá Mùsílì, ẹ jẹ́ kí nǹkan yìí jẹun yó kí ẹ tó pa á."

Wọ́n á ní, "Ìyá Mùsílì, bí epo bá sùn mọ́ ọn nínú, àyà rẹ̀ á tutù, kò ní jí bọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ṣé ìwọ lo máa wá bá mi tì í ni?"

Sùnmọ́nù Káfíńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa kò mọ èyíinì. Jíà ló fi ń pa tirẹ̀. Á ki máṣíìnì bọ jíà, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, á wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì. Máṣíìnì á fò bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù, á kú. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn á fi orí gbá a ní ìpàkọ́.

"Sùnmọ́nù, ọjọ́ wo lo máa pa èmi náà báyìí?"

"Sọ̀ kalẹ̀ jàre. Ṣé a ò ti délé?"

Tíṣà kan wà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, Onítẹ̀bọmi ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni tirẹ̀. Á jẹ́ kí máṣíìnì rọlẹ̀ títí á fi máa kùn bí ológbò, á wá yí kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni ń pa fìtílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Á yọ ọ́, á fi sí àpò àyà, á ní, "Ẹ kúulé o." Bí ó bá dé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Yẹkínì àbúrò ọkọ mi wá ni òdìkejì rẹ̀. Ibi kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì tirẹ̀ ti dógùn-ún, kò sì tún un ṣe. Àkísà kan ló so mọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Bí ó bá délé, á bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, á fi àkísà náà di orí púlọ́ọ̀gì mú, á fà á yọ, máṣíìnì á kú. Ìyẹn bí àkísà bá gbẹ o. Bí òjò bá ti pa àkísà, iná á gbé e. "Yéè! Mo kú o!" Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, "Bọ̀dá Yẹkínì ti dé!" Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò ra òmíràn síbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti ń mọ́ mi lára."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Eyín wà lẹ́nu mi nígbà náà.

Lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la kí a ṣe Iléyá, ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ agbolé á máa dé láti Ìwó, láti Òṣogbo, láti Ìbàdàn pàápàá. Èyí á wúkọ́, èyí á fò, èyí á ké yéè. Àgbò tí a so mọ́ ìdí orógbó á máa ta gìrì bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ṣe ń dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo máṣíìnì á ti dákẹ́, wọ́n á tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ara wọn á ṣì gbóná. Àwọn ọmọdé á máa tutọ́ sí sálẹ́ńsà kí wọ́n lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún ṣàà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń sọ fún wa pé a ti pé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ dé, wọ́n ń lọ, wọ́n tún ń dé, mi ò mọ ìgbà tí a pé. Bóyá a ò tilẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kan tún wà tí kì í ṣe ti Iléyá. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ.

Nínú agbolé wa, a kì í fi ariwo gbé ikú wọlé. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Agbolé, ló ń sọ́ òfin yẹn bí ẹni ń sọ́ ìkòkò lórí iná. Ẹni tó bá ru ìròyìn òfò bọ̀, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni yóò ti pa máṣíìnì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ọwọ́ tì í wá sísàlẹ̀ láì fọhùn. Bí a bá ti rí èèyàn tó ń ti máṣíìnì bọ̀, a ò ní bi í léèrè. Ẹni tó gbé igbá á sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó wé gèlè á tú u. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa ti dìde dúró. Kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ pariwo, àwa ni.

Epo ń tán, ẹ ẹ̀ rí i. Táyà ń jò. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹ̀rọ̀ sí i: ẹni tó bá ń ti máṣíìnì rẹ̀ nítorí epo tàbí táyà, kó máa ké bọ̀ láti òkè. "Epo ló tán o! Epo ni o!" A ó dá a lóhùn pé, "A gbọ́ o!" Kálukú á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Yẹkínì, ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe òun, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ mu omi lọ́jọ́ kan, ó ń ti máṣíìnì bọ̀, ó gbàgbé, kò ké. Ẹ wo ẹkún! Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wa ti fi ara lélẹ̀. Yẹkínì dé àárín wa, òun náà da igbe bò ó, ó ní, "Ta ló kú? Ta ló kú?" Ìyá Agbolé wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Padà! Padà sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí o sì tún wọlé bí ọmọ èèyàn!" Àgbàlagbà ọkùnrin tì í gun òkè padà, òógùn bò ó, ó wá ń ké bọ̀, "Púlọ́ọ̀gì ni o! Púlọ́ọ̀gì ni o!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọdún yẹn kan náà ni Mùsílímátù, àkọ́bí mi, Mùsílì ìyá rẹ, lóyún. Awo ni a fi í fọ́kọ sí. Ikùn náà tóbi, a sì mọ̀ pé méjì ni. Ní àkókò òjò ni ìrọbí mú un. Òwúrọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, pé kò rọrùn. Ẹ̀gún ọ̀pẹ sì ti gún mi lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wú bí iṣu. Mo fẹ́ gun ẹ̀yìn Bàbá Mùsílì, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo ṣubú lulẹ̀. Ìyá Agbolé ní, "Fi í sílẹ̀ kó lọ. Ọ̀nà Awo ti di ẹrẹ̀, ta ni yóò gbé ìwọ náà bí ẹ bá yọ̀?"

Wọ́n lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ gbígbóná, mo sì na etí. Mùsílì nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi lọ́mọbìnrin. Èyí tó tẹ̀lé e kò dúró. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n máa fetí sílẹ̀. Tíṣà dé, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sùnmọ́nù fò wọlé, mo ṣẹ́ èpè fún un nínú ikùn. Omi iyọ̀ tutù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún tutù.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì, mo gbọ́ máṣíìnì ọkọ mi lọ́nà jíjìn. Mo ní, "Àwọn nìyẹn." Ìyá Agbolé jáde wá dúró tì mí. Máṣíìnì náà gun òkè, ó dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Mo ń retí ikọ́. Kò wúkọ́. Ó kàn dákẹ́ fáú, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ bo ẹnu ẹlòmíràn.

Mo ní kí wọ́n ké pé epo ni. Nínú ọkàn mi ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ ké, Bàbá Mùsílì. Ẹ kàn ké. Wọn ò ké. Ohun tí a ń gbọ́ ni táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́, àti ẹsẹ̀ wọn. Ìyàwó Sùnmọ́nù sọ igbá ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń tú gèlè. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbé mi.

Wọ́n dé àárín ìdagẹ̀rẹ́, wọ́n dúró. Wọ́n dúró ṣáá. Wọ́n wo wa, àwa náà wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n gun máṣíìnì náà, wọ́n ta á nípàá. Kò jí. Wọ́n tún ta á. Ó bú sókè gbùù, wọ́n sì gùn ún sọ̀kalẹ̀ wá bá wa níwájú ilé, wọn ò pa á, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ti ń sunkún gbé ẹkún mì. Ẹnì kan ní, "Ṣé orí rẹ̀ ti dà rú ni?"

Ìyá Agbolé fi oríkì pe ọmọ wọn, wọ́n ní, "Àlàbí! Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ṣé o tì í wá ni àbí o gùn ún wá?"

Wọ́n la ẹnu, wọ́n ń sọ ọ́, a ò gbọ́. Mo fi igbe ta, "Ẹ pa á! Bàbá Mùsílì, ẹ pa á!"

Ọwọ́ wọn lọ sí abẹ́ táńkì. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ o, ó wà lábẹ́ imú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ gba ibi tó mọ̀ lọ. Wọ́n ti ẹnu epo pa. Gbogbo wa sì dúró de máṣíìnì yẹn kó mu èyí tó kù lọ́fun rẹ̀ tán. Ó ń mu ún. Ó ń mu ún. Kẹ́hìndé, mo ti pẹ́ láyé, n ò tíì dúró de nǹkan báyẹn rí. Mo ń wo ẹnu bàbá yẹn bí ẹni pé ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó dákẹ́.

Wọ́n ní, "Mùsílì wà láàyè. Obìnrin méjì ló bí. Kẹ́hìndé wà lọ́yàn."

Wọn ò dárúkọ Táyé. Kò sí ẹni tó bi wọ́n.

A kì í sọ ikú ìbejì létí èyí tó kù, mo mọ̀. Wọ́n á ní ó lọ sí ọjà, wọ́n á ní ó rìnrìn-àjò. O ti dàgbà, o ti bímọ tìrẹ, o sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èmi ni mo darúgbó, n ò ní agbára tí n ó fi máa yí ọ̀rọ̀ ká mọ́. Má dúró, máa kọ ọ́ lọ.

Àwọn obìnrin agbolé ò mọ èyí tí wọn ó kí mi. Èyí ní, "Ẹ kú ewu ọmọ." Òmíràn ní, "Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí." Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi náà ló dànù, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro. Bí ó bá dànù tán, a mọ bí a ṣe ń sunkún rẹ̀. Ìyá Agbolé tó ń sọ́ òfin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "A la ọ̀nà kan fún ikú, a la ọ̀nà kan fún ayọ̀. A ò ronú kan àárín."

Nígbà tó yá, mo bi Bàbá Mùsílì ohun tó ṣe wọ́n lórí ìdagẹ̀rẹ́. Wọ́n ní, "Mò ń tì í bọ̀ nítorí ọmọ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò ka òun sí èèyàn. Mo wá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé Mùsílì lò ń rò. Mo ní kí n yára gùn ún. Ìgbà tí mo gùn ún tán, ojú tì mí, ó dàbí ẹni pé mò ń jó. N ò wá mọ bí n ó ṣe pa á."

Ọlọ́run kẹ́ wọn. Àwọn náà ti lọ, Ìyá Agbolé ti lọ, Yẹkínì ti lọ pẹ̀lú àkísà rẹ̀. Fóònù ni òfò ń gbà wọlé báyìí. Nígbà tí àbúrò mi kú ní Ara, mo wà nídìí oúnjẹ, fóònù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ yìí bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, orin tí èèyàn lè fi gbé ìyàwó. Ó gbé e sétí, ó ní, "Ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n." Òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó fún mi ní ìdagẹ̀rẹ́ kankan tí n ó fi dìde dúró.

Nígbà tí Mùsílì jáde ogójì, bàbá rẹ̀ lọ gbé e wá kí wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń yọjú. A gbọ́ tí máṣíìnì dákẹ́ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa sì di òkúta. Ohùn ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ń ké láti òkè bọ̀: "Kì í ṣe epo o! Kì í ṣe ikú o! Mùsílì ló ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn!" Ọmọ mi ń rìn bọ̀ níwájú, ó pọn ọ́, ó rù, ọ̀já tó fi pọn ọ́ sì gbòòrò ju ọmọ kan lọ. Ẹni méjì ló rà á fún.

Ìyá Agbolé ní kí wọ́n tẹ́ ẹní ńlá. Mùsílì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tẹ́ ọ sí apá kan, ó tún aṣọ apá kejì tẹ́, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí àga tó tó, àwọn àgbà obìnrin dúró, ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á yà fún un. Ìwọ náà sùn títí ilẹ̀ fi ṣú, o ò yí sí apá ibẹ̀.